Ẹ Fi Mọ́tò Sílẹ̀ Lẹ́nu Igbó

Yorùbá ní àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Òwe yẹn tọ́ ní ilẹ̀ ọ̀dàn, níbi tí igi ti jìnnà síra wọn tí ojú sì ń ríran lọ rere. Nínú igbó Omo tó wà lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, tó sì lọ kan ìhà Ògùn Waterside, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Odindi erin lè dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí èèyàn kí ewé àti ìtàkùn bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí èèyàn máa rí kò ju ẹ̀ka igi tó mì àti etí tó jù fẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. "Mo rí nǹkan fìrí" ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo fi èyí ṣáájú nítorí àbá kan tó máa ń wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni tó bá ti rí àwòrán ẹranko ilẹ̀ Kenya tàbí South Africa: pé kí Ìpínlẹ̀ Ògùn la títì wọ Omo, kí onímọ́tò san owó lẹ́nu géètì, kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀ kiri inú igbó, kó sì máa ti ojú fèrèsé ya fọ́tò erin àti ẹyẹ. Ẹni tó bá dá irú àbá bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ilẹ̀ yìí, mi ò sì ní fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n mo gbà pé títì náà ló máa pa ohun tí à ń wá wò. Kí ẹni tó fẹ́ wo ẹyẹ ní Ìjẹ̀bú wa mọ́tò rẹ̀ wá, kó lo àwọn ọ̀nà tó ti wà nílẹ̀ dáadáa, kó sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu igbó.

Ká kọ́kọ́ wo ibi tí àṣà wíwa ọkọ̀ ara ẹni lọ wo ẹranko ti gbilẹ̀. Ọgbà Kruger ní South Africa di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1926; ní 1927 ni mọ́tò àlejò kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 20,000 kìlómítà níbùú lóròó, ilẹ̀ ọ̀dàn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Òfin ibẹ̀ le. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 50 lọ ní wákàtí kan lórí títì ọlọ́dà, tàbí 40 lórí èyí tí kò ní ọ̀dà. Èèyàn ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ àfi níbi tí wọ́n bá yàn, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, géètì á tì. Kìnnìún tó ti ń rí mọ́tò láti kékeré kì í kà á sí nǹkan kan mọ́, ọkọ̀ náà wá dà bí ibùba tí ọdẹ ń lúgọ sí. Nílẹ̀ tiwa, Yankari ní Bauchi ló súnmọ́ ìyẹn. Ó tó 2,244 kìlómítà níbùú lóròó, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá gbẹ, erin á tọ odò Gaji wá, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á sì rí wọn kedere. Gbogbo èyí dúró lórí nǹkan méjì: ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, àti omi tó ṣọ̀wọ́n débi pé ó ń kó ẹranko jọ sójú kan. Omo kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Igbó ibẹ̀ dí, òjò ń rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, odò Omo àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ sì wà káàkiri. Kò sí ohun tó ń lé ẹranko wá síbi tí èèyàn dúró sí.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò gan-an tún wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń já dé ilẹ̀ nínú igbó kìjikìji kò ju bí ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó ń ta sórí igi. Kámẹ́rà tó bá fẹ́ ríran níbẹ̀ ní láti la ojú rẹ̀ pẹ́, ọ̀bọ ò sì ní dúró dè é; nígbà tí kámẹ́rà bá fi máa pa ojú dé, ẹranko ti kúrò, ohun tó kù nínú àwòrán ni àwọ̀ kan tó ṣe wúruwùru láàárín ewé. Bí èèyàn bá wá wà nínú mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbọ̀n, àfi kó gbàgbé rẹ̀. Èyí tó gbọ́n jù nínú ọ̀nà yíyàwòrán ẹranko irú igbó yìí ni kámẹ́rà kékeré tí wọ́n so mọ́ ìdí igi, tó ń fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ bí nǹkan abẹ̀mí bá kọjá níwájú rẹ̀. Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ló fi erin Omo han ayé. Ẹni tó so ó mọ́gi ti lọ sílé, ó ti sùn, kí erin tó kọjá.

Kí ni ó wà nínú igbó náà tó yẹ ká máa ṣọ́? Ìjọba amúnisìn sọ Omo di igbó ọba ní 1925. Ó fẹ̀ tó 1,325 kìlómítà níbùú lóròó. Ní 1946 wọ́n ya 460 hẹ́kítà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án rárá, ní 1977 àjọ UNESCO sì fi Omo kún àwọn igbó tí gbogbo ayé ń fojú sí. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé 460 hẹ́kítà kò tó ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún igbó náà. Lóòótọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ya apá tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ sọ́tọ̀ nítorí erin, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó sì ń ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìyókù ti di oko kòkó, oko igi melina, àti ibi tí wọ́n ti gé gbogbo igi ńlá tán. Síbẹ̀ náà, erin igbó ṣì wà níbẹ̀. Akíka wà níbẹ̀, ìnàkí wà níbẹ̀, ọ̀bọ ọlọ́rùn funfun náà wà níbẹ̀, èyí tí kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn láyé yàtọ̀ sí ilẹ̀ Nàìjíríà, Benin àti Togo. Ní 2021 ni àjọ IUCN, tó ń kọ orúkọ ohun abẹ̀mí tó fẹ́ run láyé sílẹ̀, kọ́kọ́ ka erin igbó sí irú ọ̀tọ̀ sí erin ọ̀dàn, wọ́n sì fi sí ipò tó léwu jù lọ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2013 ti sọ pé láàárín 2002 sí 2011 nìkan, nǹkan bí ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún erin igbó ilẹ̀ Áfíríkà ló ti lọ.

Mọ́tò fúnra rẹ̀ kì í pa erin. Ohun tó ń tẹ̀ lé mọ́tò ló ń pa á. Ọ̀nà tí onífọ́tò gbà wọlé láàárọ̀ ni agbégẹdú máa gbà jáde lóru. Ẹlẹ́ran ìgbẹ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn wákàtí mẹ́rin kó tó rí ẹtu kan pa á wá gun ọ̀kadà dé ìdí ẹran, yóò sì fi ọ̀kadà kan náà gbé mẹ́wàá jáde. Erin mọ èyí ju èèyàn lọ. Ní 2008 Stephen Blake àti àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti igbó agbada odò Congo. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí erin 28 lọ́rùn láti máa mọ ibi tí wọ́n ń gbà. Nínú gbogbo wọn, ẹyọ kan ṣoṣo ló sọdá títì tó wà lẹ́yìn ọgbà ìdáàbòbò, nígbà tó sì ń sọdá, ó sáré ní ìlọ́po 14 bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀. Àwọn tó kù kò sọdá irú títì bẹ́ẹ̀ rárá. Títì ti di ògiri fún wọn. Ẹ wá gbé irú ògiri bẹ́ẹ̀ wá sí Omo, tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rìnlá Kruger. Bí títì kan bá la àárín rẹ̀ kọjá, á pín in sí méjì. Bí ẹ̀ka títì mẹ́ta bá yọ lára rẹ̀, kí làwọn erin máa fi ṣe ilé? À ń sọ̀rọ̀ lórí bí àlejò ṣe máa rí erin, erin náà sì ń sá fún ohun tí àlejò máa gùn wá.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹyẹ ò dà bí erin, pé ẹyẹ ń fò, títì kò lè sé e mọ́. Ẹ jẹ́ ká mú ẹyẹ kan tí àwọn onífọ́tò máa ń rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn nítorí rẹ̀: àgbìgbò ńlá inú igbó. Etí ló kọ́kọ́ ń rí i. Bó bá ń fò bọ̀ lókè igi, ìró apá rẹ̀ ń hó ṣìì, ṣìì, ṣìì, bí ẹni ń fẹ́ iná alágbẹ̀dẹ, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń kọjá tán kí ojú tó bá a. Ìró yẹn kì í ti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jáde. Àwọn ìyẹ́ wẹ́wẹ́ tó yẹ kó dí ìdí ìyẹ́ gígùn lábẹ́ apá kò sí lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ á wá máa gba àlàfo wọn kọjá. Nígbà tí abo bá fẹ́ yé ẹyin, á wọ inú ihò igi tó ga, á fi ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ dí ẹnu ihò náà títí tí yóò fi ku ojú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu nìkan lè gbà. Ibẹ̀ ni yóò wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, akọ ni yóò máa gbé èso wá fún un, yóò máa tì í sí i lẹ́nu láti ojú tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Bí ọdẹ bá pa akọ, ebi lè pa ìyá àtọmọ mọ́ inú ihò. Ihò tó gba àgbìgbò kì í sì í sí lára igi ọ̀dọ́. Ara ìrókò, arère tàbí ọ̀gànwó tó ti dàgbà, tí ẹ̀ka rẹ̀ ti ṣẹ́ nígbà kan tí inú rẹ̀ sì ti ń jẹrà, la ti ń rí i. Igi tó tóbi jù ni agégi kọ́kọ́ ń wò nígbà tí ọ̀nà bá dé ìdí rẹ̀. Apá tí ẹyẹ ń fi fò kò wúlò fún un bí kò bá sí ihò tó máa bí ọmọ sí, títì tí a là nítorí fọ́tò rẹ̀ ló sì máa mú ọkọ̀ agbégẹdú dé ìdí ihò náà.

Èyí kò ní kí a dé mọ́tò mọ́lé. Iṣẹ́ ńlá wà fún un, iṣẹ́ náà sì wà lórí àwọn ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà lójoojúmọ́. Láti 2015 ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ ilé ẹ̀kọ́ Leventis tó wà ní Jos ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n fi ń ya máàpù gbogbo ẹyẹ Nàìjíríà. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè yìí sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ìhà kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ẹyẹ lè mú fóònù rẹ̀, kó wọ inú igun kan, kó lo ó kéré tán wákàtí méjì níbẹ̀, kó sì kọ orúkọ gbogbo ẹyẹ tó bá rí tàbí tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo ohun tí ẹni tó kúrò ní Àgọ́-Ìwòyè lówùúrọ̀, tó gba Òru lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, lè kọ sílẹ̀ láì wọ igbó rárá: ẹ̀gà tó ti jẹ ewé ọ̀pẹ tán láti fi kọ́ ilé, ẹlúùlú tó ń ké nínú igbó ṣúúrú lẹ́bàá oko ẹ̀gẹ́, àwòdì tó ń yí lókè ọjà, lékeléke lẹ́yìn màlúù, àtíòro méjì tó ń fò gọ̀dọ̀gọ̀dọ̀ láti igi kan sí ìkejì. Bó bá sì pẹ́ níbi tí igi ṣì wà, ó lè rí àlùkò. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ orúkọ ẹyẹ yìí nínú àdúrà ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lójú lọ. Osùn tí à ń sọ pé ó ni, inú apá rẹ̀ ló fi pa mọ́, ìgbà tó bá fò nìkan ló ń tàn. Ní 1869 ni onímọ̀ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ Arthur Church fi hàn pé bàbà wà nínú àwọ̀ pupa náà, bàbà gidi tí ara ẹyẹ náà ń kó jọ sínú ìyẹ́, a ò sì rí irú àwọ̀ yẹn lára ìdílé ẹyẹ mìíràn. Fásitì Olabisi Onabanjo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982, wà ní Àgọ́-Ìwòyè níbẹ̀, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ tó ní fóònù lọ́wọ́. Ní ìhà kejì, ẹni tó bá gba Ìbíadé àti Àbígí lọ sí Ìwópin máa dé ẹ̀bá ọ̀sà. Ibẹ̀ ni kó ti kúrò nínú mọ́tò wọ ọkọ̀ ojú omi. Omi tẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ pọ̀, akọ̀ á dúró sínú omi bí ọ̀pá, ẹyẹ apẹja á ta mọ́ omi pòó. Ibẹ̀ ni kámẹ́rà ti ní ojú.

Àtakò tó wúwo jù tí mo mọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó máa sanwó kó wá fẹsẹ̀ rìn nínú igbó kó sì lọ sílé láìrí erin. Èsì rẹ̀ wà ní Lẹ́kí. Láti 1990 ni àjọ Nigerian Conservation Foundation ti ń tọ́jú igbó 78 hẹ́kítà kan níbẹ̀. Ní 2015 wọ́n ṣí afárá gígùn kan tí wọ́n ta lókè igi, mítà 401, ẹsẹ̀ nìkan ni èèyàn sì ń fi gun un. Ẹni tó wá síbẹ̀ mọ̀ pé òun ò ní rí kìnnìún. Tọmọdé tàgbà ló ń sanwó wọlé, wọ́n ń rìn, wọ́n ń làágùn, wọ́n ń ya ọ̀bọ àti ara wọn ní fọ́tò, láàárín ìlú Èkó tí ariwo ọkọ̀ kì í dákẹ́. Bí 78 hẹ́kítà bá lè ṣe èyí, n kò rí ìdí tí ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ kan pẹ̀lú afọ̀nàhàn tó mọṣẹ́ ò fi ní ṣe é ní Omo. Ẹni tó bá sì ní ajínigbé ń kọ́? Ó tọ́ kí ẹ̀rù bà á. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó dá wà lórí títì inú igbó ló rọrùn jù láti dá lọ́nà. Àwọn mẹ́fà tó ń bá ẹ̀ṣọ́ igbó rìn, tí orúkọ wọn àti àsìkò tí wọ́n wọlé wà nínú ìwé lẹ́nu géètì, kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Àtakò kejì ti ẹnu àgbẹ̀ wá, òun ló sì dùn mí jù. Ní 2021 erin jáde sí oko àwọn ará Ìtasín àti Ìmọ̀bì ní Ìjẹ̀bú East, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kí àwọn kan lè lọ sóko mọ́. Kí ni ẹni tó jí tó rí i pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ti wó lulẹ̀ fẹ́ fi fọ́tò erin ṣe? Kò jẹ ẹnikẹ́ni lọ́pẹ́ bí owó tí àlejò san bá parí sí Abẹ́òkúta. Nítorí náà, abúlé tó wà létí igbó ni kí owó náà ti máa kọ́kọ́ dúró: owó afọ̀nàhàn, owó oúnjẹ, owó ibi ìsùn, owó ọkọ̀ ojú omi ní Ìwópin, kí wọ́n sì yọ nínú owó géètì láti fi san gbèsè oko tí erin bá bàjẹ́, kí wọ́n san án kí ebi tó wọlé. Èyí tún jẹ́ ìdí mìíràn tí mi ò fi fẹ́ sàfárì onímọ́tò. Onímọ́tò gbé oúnjẹ rẹ̀ àti omi rẹ̀ wá láti Èkó, ó wọlé, ó jáde, ó sì lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ ló nílò ẹni tó máa mú un rìn. Ta ló sì mọ igbó náà ju ọdẹ lọ? Ọdẹ ló mọ̀ pé ìró kan kì í ṣe ti ẹtu, ti ọ̀bọ ni. Òun ló mọ igi tó ń so èso ní oṣù yìí, tí odídẹrẹ́ máa wá jẹ. Àwọn kan tó ti fi ìbọn ṣọdẹ rí ti di ẹ̀ṣọ́ igbó ní Omo, wọ́n sì ń gbèjà ohun tí wọ́n ti ń pa tẹ́lẹ̀.

Fọ́tò náà ní ewu tirẹ̀, kò yẹ ká fi pamọ́. Fóònù máa ń kọ ibi tí wọ́n ti ya àwòrán sínú rẹ̀ láìsọ fún ẹni tó yà á. Ẹni tó bá ya odídẹrẹ́ lẹ́nu ihò, tó sì gbé e sórí Facebook lọ́jọ́ yẹn, ti lè ya máàpù fún olè. Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí i pé kí òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn dópin, nítorí bí wọ́n ṣe kó o tán ní Ghana nìkan ti tó láti dẹ́rù bani. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn aláṣẹ ọgbà South Africa fi ẹjọ́ sùn nípa àwọn ètò orí fóònù tí àlejò fi ń sọ fún ara wọn ibi tí kìnnìún wà, pé ó ń mú kí àwọn ọkọ̀ máa sáré, kí wọ́n máa rọ́ ẹranko pa. Òfin tó yẹ ní Omo kò le: kí onífọ́tò pa ìkọ̀wé ibi náà lórí fóònù rẹ̀, kó má ya ìtẹ́ ẹyẹ, kó má sì fi fóònù dún ohùn ẹyẹ láti tàn án jáde, nítorí ẹyẹ tó ń wá ọ̀tá tí kò sí á fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ebi àti ejò.

Bí ẹnìkan bá ṣì ń wá títì nínú igbó, èyí tó ti wà níbẹ̀ pọ̀ tó. Nígbà kan ìjọba fẹ́ kí ilé iṣẹ́ tákàdá dìde ní Ìwópin. Kí igi tákàdá lè wà, wọ́n gé igbó ní Omo, wọ́n sì gbin melina sí i, ilẹ̀ tó tẹ́ rẹrẹ, pàápàá ní agbègbè J4, orúkọ tí àwọn ọ̀gá igbó fún un nígbà tí wọ́n ń pín igbó náà. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe lérò. Melina dàgbà, ọ̀nà tí wọ́n là láti fi kó o wà níbẹ̀ títí di òní, ọkọ̀ agbégẹdú ń gbà á, ọ̀kadà ń gbà á. Lẹ́bàá J4 yẹn, níbi tí melina ti parí tí igbó àtijọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀, ni kí wọ́n gbé géètì sí: ilé kékeré kan, ìwé orúkọ, afọ̀nàhàn méjì tó jí kí ilẹ̀ tó mọ́, àti àyè fún mọ́tò mẹ́wàá lábẹ́ igi. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni àgbìgbò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fò kọjá lókè ibẹ̀. Ẹni tó bá ti pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló máa gbọ́ ọ.